Orí Keje: Láti Orí Wáyà Bàbà sí Okùn Fáíbà: Títo Media Converter àti Lílò Rẹ̀

Àfojúsùn

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:
1. ṣàlàyé ìdí tí wáyà bàbà kò fi lè gbé Ethernet kọjá 100 mítà, àti ọ̀nà tí fáíbà gbà yanjú ìṣòro náà;
2. yan media converter (kọ̀nfátà) méjì tó bára mu fún iṣẹ́ kan;
3. ṣírò iye ìmọ́lẹ̀ tó máa dé òdìkejì kí ó tó ra ohun èlò;
4. to kọ̀nfátà, kí ó sì dán an wò;
5. mọ ibi tí àléébù wà nígbà tí ọ̀nà bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́.

7.1 Ibi tí agbára wáyà bàbà pin sí

Ọdún 1973 ni Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ethernet ní Xerox PARC, ní ìpínlẹ̀ California. Lónìí, Ethernet ló so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì, báǹkì àti ilé-ìwé pọ̀. Wáyà tí a sábà máa ń nà fún un ni Cat5e àti Cat6: fọ́nrán bàbà mẹ́jọ tí a lọ́ pọ̀ ní méjì-méjì, tí a fi ẹnu RJ45 sí lórí. Òfin wáyà yìí kò ṣòro láti há sórí. Láti ẹ̀rọ kan dé èkejì, kò gbọdọ̀ ju 100 mítà lọ: 90 mítà fún èyí tó gba inú ògiri tàbí òkè àjà, 10 mítà fún àwọn wáyà kúkúrú tó wà ní ìdí ẹ̀rọ lápá méjèèjì.

Ìdí méjì ló fa òfin yìí. Àkọ́kọ́, àmì iná tó ń gba inú bàbà kọjá máa ń dínkù lágbára bó ṣe ń lọ, bí iyára rẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni àdánù náà ṣe ń pọ̀ tó. Èkejì, àmì inú wáyà méjì kan máa ń ta sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wáyà bá ti gùn jù, ohun tó ń ta wọlé láti ẹ̀gbẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára ju iṣẹ́ tí a rán lọ, ẹ̀rọ tó ń gbà á kò sì ní mọ èwo ni kí ó gbọ́.

Níbi tí òjò ti ń rọ̀ tààrá-tààrá bíi tiwa, ewu kẹta wà. Bí ààrá bá sán nítòsí, ó lè ti iná ńlá sínú wáyà bàbà tí a nà láti ilé kan sí òmíràn, kí ó sì jó ẹ̀rọ orí méjèèjì. Bí ilé méjèèjì bá sì ń gba iná láti ọ̀dọ̀ transfọ́mà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fóltéèjì ilẹ̀ wọn lè má dọ́gba, ìyàtọ̀ náà sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́ láìsí òjò rárá.

Ká fi ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni a ó máa lò títí orí yìí yóò fi parí. Íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé ní ilé ìṣàkóso. Ilé ìkàwé, tí kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, wà ní ìkángun kejì ọgbà. Bí a bá wọn ọ̀nà tí okùn máa gbà, kì í ṣe bí ẹyẹ ṣe ń fò, ó jẹ́ 700 mítà. Wáyà bàbà kò lè dé ibẹ̀. Okùn fáíbà lè dé ibẹ̀, gíláàsì kò sì ń gbé iná, nítorí náà ààrá kò ní gba orí rẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀rọ.

7.2 Okùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà

Ní ọdún 1966, Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé ìwádìí kan láti fi hàn pé ìdọ̀tí inú gíláàsì ló ń pa ìmọ́lẹ̀ kú lójú ọ̀nà, kì í ṣe gíláàsì fúnra rẹ̀. Wọ́n ní bí àdánù bá lè wá sí ìsàlẹ̀ 20 dB ní kìlómítà kan, gíláàsì á wúlò fún ìbánisọ̀rọ̀. Ní ọdún 1970, Robert Maurer, Donald Keck àti Peter Schultz ṣe irú okùn bẹ́ẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà. Kao gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Okùn òde òní ti tayọ ohun tí wọ́n ń lépa nígbà náà: àdánù rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.4 dB lọ ní kìlómítà kan. Irú gíláàsì yìí ló wà nínú Equiano, okùn abẹ́ òkun Google tó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní 2022.

dB ni a fi ń wọn àdánù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pàdánù 3 dB, ìdajì rẹ̀ ló kù. Bí ó bá pàdánù 10 dB, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Agbára ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni a ń kọ ní dBm, tí 0 dBm jẹ́ mìlíwáàtì kan.

Gíláàsì méjì ló wà nínú okùn fáíbà kọ̀ọ̀kan. Ti inú ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Ti òde ló yí i ká, tó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú kí ó má baà jò. Àpapọ̀ wọn fẹ̀ tó 125 máíkírómítà. Bí ti inú ṣe fẹ̀ tó ló pín okùn sí oríṣi méjì:

Single-mode: ti inú fẹ̀ tó nǹkan bíi 9 máíkírómítà. Ìgbì 1310 tàbí 1550 nánómítà ni a ń lò nínú rẹ̀. Ó ń lọ jìnnà, ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ìbòrí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè.

Multi-mode: ti inú fẹ̀ tó 50 tàbí 62.5 máíkírómítà. Ìgbì 850 nánómítà ló wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Bí iyára bá jẹ́ gígábíìtì kan, ó ń dé 550 mítà lórí okùn 50, kò sì dé 300 mítà lórí okùn 62.5. Ìbòrí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, tàbí àwọ̀ omi òkun fún àwọn tuntun.

Ilé ìkàwé wa jìnnà tó 700 mítà, a sì fẹ́ gígábíìtì kan. Nítorí náà single-mode ni a ó yàn.

7.3 Ohun tí kọ̀nfátà ń ṣe, àti ohun tí kì í ṣe

Media converter ni àpótí kékeré tó ń gba àmì iná láti inú wáyà bàbà, tó ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà, tó sì tún ń sọ ìmọ́lẹ̀ tó dé di àmì iná. Kọ̀nfátà ni a ó máa pè é nínú orí yìí. Ẹnu RJ45 wà lára rẹ̀ fún bàbà, ẹnu SC tàbí LC wà fún fáíbà, tàbí ihò tí a ń ki SFP, ẹ̀yà kékeré tó ní ẹnu fáíbà, bọ̀. Ibi tí adápítọ̀ iná ń wọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Méjì-méjì ni a sábà máa ń lò ó, ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, àyàfi bí switch tó wà lápá kan bá ti ní ẹnu fáíbà tirẹ̀.

Ògbufọ̀ ni kọ̀nfátà. Kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í yọ kúrò nínú rẹ̀, kì í sì pinnu ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí. Àwọn tí kò ní ìṣàkóso kò ní àdírẹ́sì IP, kò sì sí ohun tí a ń yí padà lórí kọ̀ǹpútà nítorí wọn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìkàwé àti ti ilé ìṣàkóso bá yẹ kí ó yàtọ̀ síra, switch tàbí router ló máa pín wọn.

Nǹkan méjì tún wà tí àwọn oníbàárà máa ń retí lọ́wọ́ kọ̀nfátà tí kò lè ṣe. Kò lè fi iná ránṣẹ́ gba inú gíláàsì. Kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ Wi-Fi tó ń jẹ iná PoE láti ara wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní tàn ní òdìkejì, àyàfi bí a bá fi kọ̀nfátà tó ń fúnni ní PoE tàbí PoE injector síbẹ̀. Bákan náà, kò lè mú kí íntánẹ́ẹ̀tì yára ju bí ó ṣe wọlé lọ.

7.4 Ohun tó gbọ́dọ̀ bára mu

Orí méjèèjì ọ̀nà gbọ́dọ̀ bára mu. Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fáíbà ti ń bàjẹ́ nìyí, nítorí pé ẹ̀rọ tó dára méjì tí kò bára mu kò sàn ju ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ lọ. Kí a tó náwó, ká yẹ nǹkan márùn-ún wò.

Irú okùn. Kọ̀nfátà single-mode fún okùn single-mode, ti multi-mode fún multi-mode. A kò gbọdọ̀ so okùn kúkúrú aláwọ̀ ọsàn mọ́ okùn aláwọ̀ ìyeyè.

Ìgbì. Bí ọ̀kan bá ń tan 1310, èkejì gbọ́dọ̀ lè gba 1310.

Iye okùn. Àwọn kan ń lo okùn méjì: ọ̀kan fún ìfiránṣẹ́, ọ̀kan fún ìgbàwọlé. Àwọn mìíràn ń lo okùn kan ṣoṣo, tí ìgbì méjì ń kọjá nínú rẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn. Ti olókùn kan yìí, A àti B ni a ń rà. A ń tan 1310, ó sì ń gba 1550. B ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá ra A méjì kò ní rí ìmọ́lẹ̀ kankan gbà, bó ti wù kí okùn rẹ̀ dára tó.

Iyára. Ẹnu RJ45 lè bá switch jíròrò láti mọ bóyá 100 mẹ́gábíìtì tàbí gígábíìtì kan ni wọn yóò lò. Apá fáíbà kì í jíròrò iyára. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 100, tí èkejì sì jẹ́ 1000, wọn kò ní bára wọn sọ̀rọ̀ láéláé.

Ojú ẹnu okùn. Ẹnu aláwọ̀ búlúù jẹ́ UPC, ojú rẹ̀ tẹ́. Ẹnu aláwọ̀ ewé jẹ́ APC, a gé ojú rẹ̀ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́ ìwọ̀n 8. Bí a bá ki ewé mọ́ búlúù, ojú gíláàsì méjèèjì kò ní kanra, ìmọ́lẹ̀ á ṣòfò, ojú okùn sì lè bàjẹ́.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò pọn dandan kí ó jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹnu ara àpótí náà lè jẹ́ SC lápá kan, LC lápá kejì, bí okùn kúkúrú tó bá wọn mu bá ti wà.

7.5 Ìṣirò ìmọ́lẹ̀

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í dúró de ìgbà tó bá so ẹ̀rọ tán kó tó mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ìwé tó bá kọ̀nfátà wá máa ń sọ agbára tó fi ń tanná, ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù tó lè gbà, àti èyí tó pọ̀ jù tó lè fara dà.

Àpẹẹrẹ 1. Kọ̀nfátà ilé-ẹ̀kọ́ wa ń tan −9 dBm, ó kéré tán. Ó lè gba ìmọ́lẹ̀ tó lọ sílẹ̀ dé −20 dBm. Ohun tí a lè ná lójú ọ̀nà jẹ́ 11 dB. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a óò ná:

Okùn: 0.7 kìlómítà × 0.4 dB = 0.28 dB
Ojú ibi tí a fi iná yọ́ okùn pọ̀: 2 × 0.1 dB = 0.2 dB
Ibi tí ẹnu okùn ti pàdé: 2 × 0.5 dB = 1.0 dB
Àpapọ̀: 1.48 dB

A ó fi 3 dB kún un fún ọjọ́ iwájú: okùn lè gé kí a tún un so, ẹ̀rọ sì ń darúgbó. Ó di 4.48 dB. Èyí kò tó 11 dB, nítorí náà iṣẹ́ náà yóò ṣeé ṣe.

Ìṣirò yìí tún sọ ohun tó yẹ kí a bá lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n fún wa: −9 dín 1.48, ìyẹn nǹkan bíi −10.5 dBm. Bí ìwọ̀n bá fi −19 hàn, iná ara kọ̀nfátà lè tàn, ẹni tí kò wọn ìmọ́lẹ̀ á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n 8.5 dB ti sọnù sí ibì kan, sínú ìdọ̀tí tàbí ibi tí okùn ti ká jù. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ 2. Ẹnì kan ra kọ̀nfátà 80 kìlómítà fún ọ̀nà 700 mítà yìí kan náà, ó rò pé agbára tó pọ̀ jù kò lè ṣe nǹkan kan. Ó ń tan 2 dBm, ìgbàwọlé rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju −3 dBm lọ. Ohun tó dé òdìkejì jẹ́ 2 dín 1.48, ìyẹn 0.52 dBm. Ó ti pọ̀ jù: yóò mú kí ìgbàwọlé máa ṣì ọ̀rọ̀ gbọ́, ó sì lè jó o. Bí a bá fi attenuator 10 dB, ohun èlò tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, sí ojú ọ̀nà, yóò wá sí −9.48 dBm, àlàáfíà á sì wà. Ó sàn jù kí a ra èyí tó bá jíjìnnà iṣẹ́ mu.

7.6 Ìṣọ́ra

Ìmọ́lẹ̀ 1310 àti 1550 kì í hàn sí ojú ènìyàn, síbẹ̀ ó lè pa ojú lára. Má ṣe wo inú ẹnu fáíbà tàbí orí okùn tí òdìkejì rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, má sì fi awò wò ó. Èérún gíláàsì tó bá já nígbà tí a ń gé okùn máa ń wọ awọ ara, ó sì ṣòro láti rí. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ téèpù, kó o sínú ike tó ní ìdérí, má sì jẹun níbi iṣẹ́ náà.

Má ká okùn sí òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó 6 sẹ̀ńtímítà. Níbi tó bá ti ká jù ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jò. Bí okùn tí a nà láàárín òpó bá ní wáyà irin lára, so irin náà mọ́ ilẹ̀ níbi tó ti wọ ilé, kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ. Gíláàsì kì í gbé iná, àmọ́ irin tó bá a rìn ń gbé e.

7.7 Ìgbésẹ̀ títò

1. Dán an wò lórí tábìlì. Fi okùn kúkúrú so kọ̀nfátà méjèèjì pọ̀, kí o sì fi kọ̀ǹpútà kan sí apá kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ níbí, wọn kò ní ṣiṣẹ́ lórí òpó. Bí wọ́n bá jẹ́ irú tó ń lọ jìnnà, fi attenuator sí i kí o tó tan iná.

2. Nu ẹnu okùn. Eruku kan tí ojú kò lè rí tóbi tó láti dí ọ̀nà 9 máíkírómítà. Lo aṣọ tí kì í tú fọ́nrán àti isopropyl alcohol, tàbí kálámù ìnufáíbà. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ, má sì fi etí ẹ̀wù nù ún. Ìdérí ike kò gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀ títí di ìgbà tí a bá fẹ́ fi okùn náà sínú ẹ̀rọ.

3. Fi iná sí kọ̀nfátà apá kan fún ìgbà díẹ̀ kí ó tan ìmọ́lẹ̀ sínú okùn, wọn ìmọ́lẹ̀ náà ní òdìkejì, kí o kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì fi wé ìṣirò rẹ.

4. So fáíbà. Bí ó bá jẹ́ olókùn méjì, TX (ìfiránṣẹ́) apá kan gbọ́dọ̀ lọ sí RX (ìgbàwọlé) apá kejì.

5. Ṣètò àwọn súìsì kéékèèké ara rẹ̀ kí o tó fún un ní iná. Pa èyí tí a ń kọ LLF tàbí LFP sí ná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti ẹnu bàbà pa nígbà tí fáíbà bá já, kí switch lè mọ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní títàn nígbà tí a ń to ẹ̀rọ, ó máa ń pa iná tí à bá fi mọ ibi tí àléébù wà.

6. So wáyà Cat5e tàbí Cat6 láti ẹnu RJ45 sí switch. Fi ìjíròrò iyára sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ní ìhà méjèèjì.

7. Fún un ní iná. Adápítọ̀ tó bá a wá ni kí o lò. Ti 12 fóltì lè jó èyí tó ń jẹ 5 fóltì. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, nítorí náà kì í ṣe ẹrù fún ínfátà. Rántí pé ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ ní iná: bí ínfátà bá wà ní ilé ìṣàkóso tí kò sì sí ní ilé ìkàwé, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni ọ̀nà á já.

8. Ka àwọn iná atọ́ka. PWR ni ti iná mànàmáná, FX ni ti fáíbà, TP ni ti bàbà, FDX ń sọ pé ìfiránṣẹ́ àti ìgbàwọlé ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

9. Fi ping dán an wò láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, lẹ́yìn náà kí o gbé fáìlì ńlá kọjá. Ping nìkan kò tó, fún ìdí tí a ó rí ní 7.8.

10. Tan LLF padà. Lẹ nọ́ńbà mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ sínú ìwé tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ lè rí.

7.8 Wíwá àléébù

Ibi tí iná atọ́ka bá tọ́ka sí ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

FX kò tàn ní ìhà méjèèjì. Yẹ TX àti RX wò, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣi ara wọn. Lẹ́yìn náà, wò bóyá A méjì ni a rà, tàbí bóyá iyára wọn yàtọ̀.

FX tàn ní ìhà kan ṣoṣo. Ìhà tí kò tàn ni kò rí ìmọ́lẹ̀ gbà. Nítorí náà, okùn tó ti TX òdìkejì bọ̀ wá síbẹ̀ ni kí o nù, kí o wọn, kí o sì tọ̀. Ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa sínú okùn lè fi ibi tó ti ṣẹ́ hàn, bí ibẹ̀ kò bá jìnnà.

Gbogbo iná tàn, ping ń lọ, ṣùgbọ́n fáìlì ń wọ́ bí ìgbín. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi ọwọ́ yan full duplex lórí switch, tí kọ̀nfátà sì wà lórí ìjíròrò. Nígbà tí kọ̀nfátà kò rí ẹni bá jíròrò, yóò bọ́ sí half duplex. Ìhà kan ń sọ̀rọ̀ nígbàkigbà tó bá fẹ́, èkejì ń dúró kí ọ̀nà ṣófo, wọ́n sì ń já lu ara wọn. Ping kékeré máa ń yọ́ kọjá nínú rẹ̀. Fi méjèèjì sí ìjíròrò, tàbí kí méjèèjì jẹ́ àfọwọ́yàn.

Ó ń ṣiṣẹ́, ó tún ń já. Wọn ìmọ́lẹ̀, kí o fi wé iye tó wà nínú ìwé. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, wá ìdọ̀tí, ibi tí okùn ti ká, tàbí omi nínú àpótí ìsopọ̀. Bí kò bá yí padà, yẹ adápítọ̀ iná wò.

Ní gbogbo rẹ̀, kọ̀nfátà ni ká fura sí gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré lọ ra òmíràn lè so ẹ̀rọ tuntun mọ́ ẹnu okùn tó dọ̀tí, kí ìṣòro sì wà bó ṣe wà.

Àkótán

Wáyà bàbà kò gbọdọ̀ ju 100 mítà lọ. Fáíbà ń kọjá rẹ̀ lọ jìnnà, kò sì ń gbé ààrá wọlé. Kọ̀nfátà ń sọ àmì iná di ìmọ́lẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun tí a rán. Irú okùn, ìgbì, iye okùn, iyára àti ojú ẹnu okùn gbọ́dọ̀ bára mu ní ìhà méjèèjì. Ká ṣírò kí a tó rà, ká nù kí a tó so, ká wọn kí a tó sọ pé iṣẹ́ parí.

Ìdánrawò

1. Sọ ìdí mẹ́ta tí a kò fi gbọdọ̀ na wáyà bàbà láàárín ilé méjì tó jìnnà síra.
2. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá so kọ̀nfátà A méjì mọ́ okùn kan ṣoṣo? Ṣàlàyé pẹ̀lú ìgùn ìgbì.
3. Ọ̀nà kan gùn tó 12 kìlómítà. A fi iná yọ́ okùn pọ̀ níbi mẹ́fà, ẹnu okùn sì pàdé níbi méjì. Kọ̀nfátà ń tan −8 dBm, ó sì lè gba ìmọ́lẹ̀ dé −23 dBm. Lo iye àdánù tó wà ní Àpẹẹrẹ 1. Ṣé ọ̀nà náà yóò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àlékún 3 dB? Èló ni ó yẹ kí ẹ̀rọ ìwọ̀n fi hàn?
4. Kámẹ́rà PoE kan kò tàn lẹ́yìn tí a fi kọ̀nfátà sí ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ FX àti PWR tàn ní ìhà méjèèjì. Kí ló fà á, kí sì ni àtúnṣe rẹ̀?
5. Iṣẹ́ àṣepọ̀: Nínú ọgbà ilé-ìwé yín, yan ilé méjì tó jìnnà síra ju 100 mítà lọ. Wọn ọ̀nà tí okùn máa gbà, kọ àkójọ ohun èlò, ṣe ìṣirò ìmọ́lẹ̀, kí o sì sọ ibi tí iná yóò ti máa wá fún kọ̀nfátà kọ̀ọ̀kan nígbà tí iná ìjọba bá lọ.